Dídènà ìtànkálẹ̀ àrùn gágá láàárín àwọn aláìsàn ilé ìwòsàn

Dídènà ìtànkálẹ̀ àrùn gágá láàárín àwọn aláìsàn ilé ìwòsàn ni àkójọpọ̀ ìgbésẹ̀ tí àwọn dókítà, nọ́ọ̀sì, òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó àti ẹbí aláìsàn máa ń gbé kí ẹni tí ó wá gba ìtọ́jú fún àìsàn kan má baà kó àrùn gágá lórí ibùsùn rẹ̀. Àrùn gágá, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní fúlúù, jẹ́ àrùn èémí tí fáírọ́ọ̀sì ń fà, ó sì yàtọ̀ sí ọ̀fìnkìn lásán. Ọ̀fìnkìn lásán kì í sábà dá ènìyàn dùbúlẹ̀; àrùn gágá máa ń bẹ̀rẹ̀ lójijì pẹ̀lú ara gbígbóná, orí fífọ́, ikọ́ gbígbẹ, ọ̀nà ọ̀fun dídùn àti ara ríro tí ó lè gba gbogbo agbára ènìyàn.

Ẹni tí ó gbé ẹsẹ̀ tí ó kán wọ ilé ìwòsàn lè ti ibẹ̀ kó àrùn tí yóò gba ẹ̀mí rẹ̀. Ìdí ni pé àwọn tí àrùn gágá máa ń ṣe léṣe jù ni àwọn tí ó pọ̀ jù lórí ibùsùn ilé ìwòsàn: àwọn àgbàlagbà, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, àwọn aláboyún, àti àwọn tí ó ní àtọ̀gbẹ, àìsàn ọkàn, àìsàn kíndìnrín, ikọ́ fée, àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde tàbí kòkòrò HIV. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé àrùn gágá ọlọ́dọọdún ń mú nǹkan bíi bílíọ̀nù kan ènìyàn ní àgbáyé. Nínú wọn, mílíọ̀nù 3 sí 5 ni ó ń ṣe gidigidi, ènìyàn 290,000 sí 650,000 sì ń kú lọ́dún nípa àìsàn èémí tí ó ń bá a rìn.

Àyọkà yìí dá lórí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí ní agbègbè ilé iṣẹ́ ńlá ti Ìkẹjà àti Agége ní Ìpínlẹ̀ Èkó, níbi tí ọ̀kan nínú àwọn ilé ìwòsàn tí ó kọ́kọ́ ń ṣọ́ àrùn gágá fún Nàìjíríà wà.

Fáírọ́ọ̀sì náà àti bí ó ṣe ń ràn

Oríṣi mẹ́rin ni fáírọ́ọ̀sì àrùn gágá: A, B, C àti D. A àti B ni ó ń jà láàárín ènìyàn lọ́dọọdún. C kì í sábà le, D sì jẹ́ ti màlúù ní pàtàkì. Oríṣi A nìkan ni ó ti fa àjàkálẹ̀ tí ó kárí ayé rí, nítorí pé ó ń gbé lára ẹyẹ, ẹlẹ́dẹ̀ àti ènìyàn, ó sì lè ti ara ọ̀kan gba ìrísí tuntun kí ó tó bọ́ sára èkejì. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mẹ́ta, Wilson Smith, Christopher Andrewes àti Patrick Laidlaw, ni wọ́n kọ́kọ́ rí fáírọ́ọ̀sì náà gbà lára ènìyàn, ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1933. Ṣáájú ìgbà náà, bakitéríà kan ni ọ̀pọ̀ dókítà gbà pé ó ń fa àrùn yìí. Àṣìṣe náà ṣì hàn nínú orúkọ bakitéríà ọ̀hún, Haemophilus influenzae, títí di òní.

Bí aláàrùn bá wúkọ́, bí ó bá sín tàbí tí ó sọ̀rọ̀, ẹ̀kán omi kéékèèké máa ń ti ẹnu àti imú rẹ̀ jáde. Àwọn tí ó tóbi nínú wọn máa ń jábọ́ sílẹ̀ láàárín mítà kan sí méjì. Àwọn tí ó kéré jọjọ lè léfòó nínú afẹ́fẹ́, pàápàá nínú yàrá tí a ti fèrèsé rẹ̀ pa. Ọwọ́ ni ọ̀nà kẹta. Fáírọ́ọ̀sì náà lè wà láàyè lórí irin àti ike fún wákàtí 24 sí 48, nítorí náà irin ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, ọwọ́ ilẹ̀kùn, tábìlì orí ibùsùn àti fóònù alágbèéká jẹ́ ibi tí ọwọ́ ti lè gbé e lọ sí imú tàbí ojú.

Láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́rin lẹ́yìn tí ènìyàn bá kó o ni àmì rẹ̀ máa ń hàn. Ọjọ́ méjì ni ó wọ́pọ̀ jù. Ohun tí ó mú kí ìdènà rẹ̀ ṣòro ni pé ẹni tí ó kó o lè ràn ẹlòmíràn ní nǹkan bí ọjọ́ kan kí ara tirẹ̀ tó gbóná, yóò sì máa ràn án títí di ọjọ́ karùn-ún sí ìkeje. Àwọn ọmọdé àti àwọn tí agbára ìdáàbòbò ara wọn ti dínkù máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé ìwòsàn tí ó bá dúró de ara gbígbóná kí ó tó ṣọ́ra ti pẹ́ jù.

Lúkúlúkú àti àwọn àjàkálẹ̀ tí ó tẹ̀lé e

Ọkọ̀ ojú omi kan tí ń jẹ́ Bida gúnlẹ̀ sí èbúté Èkó ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1918. Ó ń bọ̀ láti Accra ní Gold Coast, orílẹ̀-èdè tí a mọ̀ sí Gánà lónìí, àwọn aláìsàn sì wà nínú rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àrùn gágá ti tàn ká Èkó. Ojú irin tí ó ti so Èkó pọ̀ mọ́ Ìbàdàn láti ọdún 1901, tí ó gba Agége àti Abẹ́òkúta kọjá, wà lára ohun tí ó gbé e wọ àárín ilẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìtàn fojú bù ú pé nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù ènìyàn ni ó kú ní Nàìjíríà láàárín oṣù díẹ̀, nígbà tí gbogbo ènìyàn orílẹ̀-èdè náà kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 18 lọ. Ní àgbáyé, a gbà pé ó tó mílíọ̀nù 50.

Àwọn Yorùbá pe àjàkálẹ̀ náà ní lúkúlúkú, orúkọ tí wọ́n fi ń pe àrùn tí ó máa ń pa gbogbo adìyẹ inú àgò ní ọ̀sán kan òru kan. Àrùn adìyẹ yẹn kì í ṣe àrùn gágá ní ti gidi, àmọ́ ìfiwéra náà bá a mu ju bí àwọn tí ó sọ ọ́ lórúkọ ti mọ̀ lọ, nítorí pé ara ẹyẹ ni àwọn fáírọ́ọ̀sì oríṣi A ti ń wá. Ohun mìíràn tí a kọ́ lára àwọn tí ó kú ní 1918 ni pé kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì náà fúnra rẹ̀ ni ó pa ọ̀pọ̀ jù lọ wọn, bí kò ṣe òtútù àyà tí bakitéríà fà lẹ́yìn tí fáírọ́ọ̀sì ti ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Títí di òní, irú òtútù àyà bẹ́ẹ̀ ni nọ́ọ̀sì ń ṣọ́ nígbà tí aláàrùn gágá tí ara rẹ̀ ti ń yá bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná ní ọjọ́ karùn-ún tàbí ìkẹfà.

Ní oṣù Kejì ọdún 2006, àrùn gágá ẹyẹ oríṣi H5N1 farahàn ní oko adìyẹ kan ní Jàjí ní Ìpínlẹ̀ Kàdúná. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí a ó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ní oṣù Kìíní ọdún tí ó tẹ̀lé e, obìnrin kan kú ní Èkó, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní oṣù Kejì pé H5N1 ni ó pa á. Òun ni ènìyàn àkọ́kọ́ tí a mọ̀ pé àrùn náà pa ní ilẹ̀ Áfíríkà tí ó wà ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà. Ọdún 2009 ni oríṣi H1N1 tuntun kárí ayé. Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde rẹ̀ ní àjàkálẹ̀ àgbáyé ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà, ó sì dé Èkó kí ọdún náà tó parí.

Ìkẹjà, Agége àti ilé ìwòsàn tí ó ń ṣọ́ àrùn

Kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọdún 1967, abẹ́ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ni Ìkẹjà àti Agége wà, ìjọba ẹkùn náà ni ó sì ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ilé iṣẹ́ ńláńlá ní Ìkẹjà ní àwọn ọdún 1950. Láti òpópónà Ọba Akran dé Agídíngbí àti Ọgbà ni ilé iṣẹ́ tí ń ṣe aṣọ, ohun mímu, oúnjẹ, oògùn àti ike ti rúwé, tí àwọn kan nínú wọn sì ti kógbá wọlé. Agége, tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀ fún oko obì, di ibùgbé fún àwọn òṣìṣẹ́ náà, ó sì di orúkọ mọ́ búrẹ́dì tí gbogbo Èkó ń jẹ.

Ìrísí agbègbè yìí bá fáírọ́ọ̀sì àrùn gágá lára mu. Àwọn òṣìṣẹ́ ń dúró ní ìfarakínra nídìí ẹ̀rọ fún wákàtí mẹ́jọ tàbí méjìlá. Nínú dánfó ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbà lọ, tí wọ́n ń gbà bọ̀. Ilé tí wọ́n ń sùn sí jẹ́ èyí tí yàrá kọjú síra wọn, tí ìdílé mélòó kan ń lo ilé ìdáná àti balùwẹ̀ kan náà. Ẹni tí ó ń gba owó òòjọ́ kò lè jókòó sílé nítorí ikọ́, nítorí pé ọjọ́ tí kò bá ṣiṣẹ́ ni ọjọ́ tí kò ní gbowó. Nígbà tí àìsàn bá wá le, ilé ìwòsàn ìjọba kan náà ni gbogbo wọn ń dà sí: ilé ìwòsàn ìjọba ti Orílé-Agége, ti Ìfàkọ̀-Ìjàyè, tàbí ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ní Ìkẹjà, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí LASUTH.

Ilé ìwòsàn kékeré ni LASUTH nígbà tí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn dá a sílẹ̀ ní ọdún 1955. Ó di ilé ìwòsàn gbogbogbòò ti Ìkẹjà lẹ́yìn náà, ó sì di ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ní oṣù Keje ọdún 2001. Nígbà tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ètò ìṣọ́ àrùn gágá ní ọdún 2008, ìlú mẹ́rin ni a fi ṣe ibùdó: Kánò, Àbújá, Nnewi àti Èkó. LASUTH ni ibùdó ti Èkó. Iṣẹ́ náà rọrùn láti ṣàlàyé: a ó gba omi imú àti ọ̀fun àwọn aláìsàn tí ara wọn gbóná tí wọ́n sì ń wúkọ́, a ó fi yìnyín dì í, a ó sì gbé e lọ sí yàrá àyẹ̀wò àgbà ní Àbújá. Láàárín oṣù Kẹrin 2009 àti oṣù Kẹjọ 2010, aláìsàn 2,803 ni a yẹ̀ wò ní ibùdó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a sì rí fáírọ́ọ̀sì àrùn gágá lára 217 nínú wọn, ìyẹn ìdá 7.7 nínú ọgọ́rùn-ún.

Iye yẹn lè dàbí ohun tí kò tó nǹkan, àmọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé nínú aláìsàn mẹ́tàlá tí ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí wọ́n ń wúkọ́, ọ̀kan ní àrùn gágá, kò sì sí ẹni tí ó lè fi ojú lásán mọ ẹni náà. Ètò ìṣọ́ náà tún jẹ́ kí ó yé àwọn oníṣègùn pé àrùn gágá wà ní Nàìjíríà bí ó ṣe wà níbi gbogbo, lòdì sí èrò tí ó wọ́pọ̀ pé àrùn àwọn òyìnbó àti ti ìgbà òtútù ni. Ní ilẹ̀ olóoru, kì í dúró de ọyẹ́. Ó lè jà nígbàkúùgbà nínú ọdún.

Ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn

Ọ̀tá àkọ́kọ́ tí ìdènà àrùn gágá ní ní Èkó ni ibà. Ẹni tí ara rẹ̀ bá gbóná, ibà ni òun fúnra rẹ̀ yóò pè é, ibà ni ẹni tí ń ta oògùn ní àdúgbò yóò pè é, nígbà mìíràn ibà ni ilé ìwòsàn náà yóò kọ sínú fáìlì rẹ̀. Yóò lo oògùn ibà fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin, tí ara kò bá sàn, yóò wá sí ilé ìwòsàn, a ó sì fi í sí wọ́ọ̀dù pẹ̀lú àwọn tí ó ní ibà gidi, nígbà tí ó ṣì lè ràn wọ́n. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò tán ìṣòro náà pátápátá, torí pé ènìyàn lè ní kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀ àti àrùn gágá nínú ọ̀fun ní ọjọ́ kan náà.

Nítorí èyí ni ìlànà àgbáyé fi sọ pé kí ìdènà bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí a ti ń gba káàdì, kí a tó mọ orúkọ àìsàn rárá. Nọ́ọ̀sì tí ó wà níbẹ̀ yóò bi gbogbo ẹni tí ó wọlé bóyá ó ń wúkọ́ tàbí ara rẹ̀ gbóná. Ẹni tí ó bá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, a ó fún un ní ìbòmú, a ó sì mú un jókòó síbi tí ó jìnnà sí àwọn yòókù ní mítà kan ó kéré tán. Ìta gbangba lábẹ́ ìbòòji dára ju inú yàrá lọ. A kì í retí àbájáde àyẹ̀wò kí a tó ṣe èyí. Ẹni tí ó ń wúkọ́ lè ní àrùn gágá, ó lè ní ikọ́ ẹ̀gbẹ, ó lè ní kòrónà. Ìbòmú àti àyè tí ó jìnnà wúlò fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

A tún gbọ́dọ̀ rántí pé ara àgbàlagbà tí ó ní àrùn gágá lè má gbóná rárá. Ohun tí ẹbí rẹ̀ yóò rí ni pé bàbá ń sọ̀sọkúsọ, tàbí pé ìyá kò jẹun mọ́ láti àná.

Nínú wọ́ọ̀dù

Yàrá àdáni ni ó dára jù fún aláàrùn gágá. Ilé ìwòsàn ìjọba tí aláìsàn ń wọ́ lọ sí kò lè rí yàrá àdáni fún gbogbo wọn, ohun tí a sì ń ṣe dípò rẹ̀ ni kí a kó àwọn tí àyẹ̀wò ti fi hàn pé àrùn gágá ni ó ń ṣe wọ́n sí apá kan wọ́ọ̀dù, kí ibùsùn jìnnà síra ní mítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí nọ́ọ̀sì tí ń tọ́jú wọn má sì máa tọ́jú àwọn mìíràn ní àkókò iṣẹ́ kan náà. A máa ń pa ìlànà yìí mọ́ fún ọjọ́ méje láti ìgbà tí àìsàn bẹ̀rẹ̀, tàbí títí wákàtí 24 lẹ́yìn tí ara gbígbóná àti ikọ́ bá ti dáwọ́ dúró, èyíkéyìí tí ó bá pẹ́ jù nínú méjèèjì. Nọ́ọ̀sì tí ó bá súnmọ́ ibùsùn yóò lo ìbòmú. Bí iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe bá lè fọ́n omi ara sínú afẹ́fẹ́, bíi kí a ki ọ̀pá èémí bọ ọ̀nà ọ̀fun tàbí kí a fi ẹ̀rọ fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀, ìbòmú lásán kò tó; irú èyí tí a ń pè ní N95 ni a nílò, pẹ̀lú ohun ìbojú.

Afẹ́fẹ́ yẹ kí ó gba ìjíròrò púpọ̀ ju bí ó ti ń gbà lọ. Ní ọdún 1977, ọkọ̀ òfuurufú kan tí ó gbé ènìyàn 54 bàjẹ́ ní pápákọ̀ òfuurufú kan ní Alaska ní Amẹ́ríkà, ó sì dúró lórí ilẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta nígbà tí ẹ̀rọ tí ń mú afẹ́fẹ́ rẹ̀ yí kò ṣiṣẹ́. Èrò kan ṣoṣo ni ó ní àrùn gágá nígbà náà. Kí wákàtí 72 tó pé, ìdá 72 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn èrò ọkọ̀ náà ti ń ṣàìsàn. Ṣáájú èyí, nígbà àjàkálẹ̀ ọdún 1957 sí 1958, a ṣe àfiwé kan ní ilé ìwòsàn àwọn oníkọ́ ẹ̀gbẹ ní Livermore ní California. Níbi tí a ti so iná tí ń pa kòkòrò mọ́ òkè ògiri láti fọ afẹ́fẹ́ mọ́, nǹkan bí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn aláìsàn ni ó kó àrùn gágá. Níbi tí kò ti sí irú iná bẹ́ẹ̀, ìdá 19 ni.

Ilé ìwòsàn tí ó wà ní Agége kò nílò irú iná bẹ́ẹ̀ kí ó tó rí afẹ́fẹ́ tuntun. Fèrèsé tí ó kọjú síra wọn ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wọ́ọ̀dù lè ṣe iṣẹ́ náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì dá a lábàá pé kí afẹ́fẹ́ tí ń wọlé fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan ní wọ́ọ̀dù gbogbogbòò tó lítà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé alẹ́ ni a máa ń ti fèrèsé, nítorí ẹ̀fọn, nítorí òjò, tàbí nítorí èéfín jẹnẹrétọ̀ tí ń ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀. Alẹ́ sì ni èrò pọ̀ jù nínú wọ́ọ̀dù. Àpò ẹ̀fọn lórí ibùsùn kọ̀ọ̀kan sàn ju fèrèsé títì lọ: ó ń lé ẹ̀fọn, kò sì dí afẹ́fẹ́ lọ́nà púpọ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù tí ń yí afẹ́fẹ́ inú yàrá kan náà po kò rọ́pò fèrèsé, bí ó tilẹ̀ tu ara.

Ní ti ọwọ́, Ignaz Semmelweis ti fi hàn ní Vienna ní ọdún 1847 pé ikú àwọn abiyamọ dínkù gidigidi nígbà tí àwọn dókítà ń fọ ọwọ́ wọn pẹ̀lú omi kẹ́míkà kí wọ́n tó fọwọ́ kàn wọ́n. Lónìí, ìgbà márùn-ún ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí òṣìṣẹ́ ìlera fọ ọwọ́: kí ó tó fọwọ́ kan aláìsàn, kí ó tó ṣe iṣẹ́ tí ó gba ìmọ́tótó gíga, lẹ́yìn tí omi ara bá ta sí i, lẹ́yìn tí ó bá fọwọ́ kan aláìsàn, àti lẹ́yìn tí ó bá fọwọ́ kan ohun tí ó wà ní àyíká aláìsàn. Ìkarùn-ún yìí ni a sábà máa ń gbàgbé. Ọṣẹ àti omi ń gba 40 sí 60 ìṣẹ́jú àáyá, ọtí apakòkòrò ń gba 20 sí 30. Níbi tí omi ẹ̀rọ kì í ti í yọ lójoojúmọ́, ọtí apakòkòrò ni ó ń gba ilé ìwòsàn là, a sì lè pò ó ní ilé oògùn ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀: ethanol ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, pẹ̀lú gilisirínì díẹ̀ kí ọwọ́ má baà máa há.

Ohun tí ọwọ́ ń kàn ni kí a máa nù ju ilẹ̀ lọ. Fáírọ́ọ̀sì náà kò lágbára lọ́wọ́ ọṣẹ. Lẹ́yìn tí a bá ti fi ọṣẹ nu irin ibùsùn àti tábìlì, a lè fi omi ìfọṣọ tí ń pa kòkòrò, irú èyí tí a mọ̀ sí JIK, tún un nù. Bí agbára rẹ̀ bá jẹ́ ìdá 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ife kan rẹ̀ sínú ife 34 omi yóò fún wa ní ìdá 0.1, èyí tí ó tó fún iṣẹ́ náà. Kò yẹ kí a pò ó kalẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Àwọn ẹbí aláìsàn

Ìwé ìlànà tí a kọ ní ìlú òyìnbó máa ń pe ẹbí ní àlejò, ó sì ń sọ wákàtí tí àlejò lè wọlé. Ní Ìkẹjà àti Agége, ẹbí kì í ṣe àlejò. Ìyàwó tàbí ọmọ ni ó ń wẹ aláìsàn, tí ó ń bọ́ ọ, tí ó ń sáré ra oògùn àti omi ìfàsára, tí ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sí yàrá àyẹ̀wò, tí ó sì ń tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní òru. Bí a bá lé e jáde, kò sí nọ́ọ̀sì tí ó pọ̀ tó láti gba iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Yàtọ̀ sí àwọn yìí, àwọn ará ilé, ará ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sáláṣí àti ẹlẹgbẹ́ níbi iṣẹ́ yóò wá kí aláìsàn, nítorí pé ẹni tí kò bá wá ni a ó máa sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ohun tí ó ṣeé ṣe ni kí a ya olùtọ́jú sọ́tọ̀ kúrò lára àlejò. Olùtọ́jú kan fún aláìsàn kan, tí a kọ́ bí a ṣe ń fọ ọwọ́ àti bí a ṣe ń lo ìbòmú, tí a sì ń bi léèrè láràárọ̀ bóyá òun fúnra rẹ̀ ń wúkọ́, jẹ́ apá kan òṣìṣẹ́ wọ́ọ̀dù ní òdodo. Àwọn tí ó kàn wá kí aláìsàn lè dúró níta tàbí kí wọ́n fi fóònù kí i nígbà tí àrùn bá ń jà. Àwọn ọmọdé ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ dá dúró, nítorí pé àwọn ni ó ń pẹ́ jù kí wọ́n tó dẹ́kun àtirànmọ́ni.

Ará Èkó ti mọ ìdí irú òfin bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 2014, èrò kan tí ó ní Ebola bọ́ sílẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà. Ènìyàn 20 ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà kí a tó kápá rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá, 8 sì kú. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera pọ̀ nínú wọn, títí kan Dókítà Ameyo Stella Adadevoh, ẹni tí kò jẹ́ kí aláìsàn náà kúrò ní ilé ìwòsàn. Nígbà tí kòrónà dé ní oṣù Kejì ọdún 2020, garawa oníẹnu tí a fi ń fọ ọwọ́ wà ní ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́, ilé ìfowópamọ́ àti ilé ìwòsàn gbogbo. Ó ṣeni láàánú pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn garawa náà ti gbẹ lónìí, nígbà tí àrùn gágá kò lọ síbì kankan.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera

Nọ́ọ̀sì, dókítà àti agbálẹ̀ lè gbé fáírọ́ọ̀sì láti ibùsùn dé ibùsùn, wọ́n sì lè mú un wá láti ilé. Ìlànà sọ pé kí òṣìṣẹ́ tí ara rẹ̀ gbóná tí ó sì ń wúkọ́ dúró sílé títí wákàtí 24 lẹ́yìn tí ara rẹ̀ bá ti tutù láìlo parasitamọ́ọ̀lù. Èyí rọrùn láti kọ sórí ògiri. Wọ́ọ̀dù tí nọ́ọ̀sì méjì ń ṣọ́ ní òru kò ní ẹni tí yóò rọ́pò ọ̀kan, agbálẹ̀ tí agbaṣẹ́ṣe gbà síṣẹ́ sì wà nínú ipò kan náà pẹ̀lú òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ tí ń gba owó òòjọ́. Òfin pé kí aláìsàn má wá síbi iṣẹ́ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ láìsí owó ọjọ́ àìsàn.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ààbò kejì. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní oṣù Kejì àti oṣù Kẹsàn-án, ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ń yan àwọn ẹ̀yà fáírọ́ọ̀sì tí abẹ́rẹ́ tuntun yóò dojú kọ, nítorí pé fáírọ́ọ̀sì náà kì í yé yí padà. Ó ń gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kí ara tó ṣetán lẹ́yìn abẹ́rẹ́. Ìwádìí kan ní ilé ìwòsàn 20 ní Scotland, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2000, rí i pé níbi tí a ti fi abẹ́rẹ́ lọ àwọn òṣìṣẹ́, ìdá 13.6 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn arúgbó tí ó wà nítọ̀ọ́jú ni ó kú. Níbi tí a kò ti fi lọ̀ wọ́n, ìdá 22.4 ni. Àwọn onímọ̀ kan ti bẹnu àtẹ́ lu ìwádìí náà, nítorí pé àyẹ̀wò kò fi hàn pé àrùn gágá fúnra rẹ̀ yàtọ̀ púpọ̀ ní apá méjèèjì, wọ́n sì ní ọ̀rọ̀. Síbẹ̀, àwọn àjọ ìlera ṣì gba òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn níyànjú láti gba abẹ́rẹ́ náà lọ́dọọdún.

Ní Nàìjíríà, abẹ́rẹ́ àrùn gágá kò sí nínú ètò abẹ́rẹ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba ń fún àwọn ọmọdé, owó ara ẹni ni ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ fi ń rà á. Ohun tí ó wà nínú ètò náà láti oṣù Kejìlá ọdún 2014 ni abẹ́rẹ́ tí ń dènà bakitéríà nọmókọ́kásì, ọ̀kan nínú àwọn tí ń fa òtútù àyà lẹ́yìn àrùn gágá. Ó dí apá kan ihò náà.

Oògùn, àti ohun tí a ń ṣe nígbà tí àrùn bá ti bẹ́ sílẹ̀

Oògùn bakitéríà kì í pa fáírọ́ọ̀sì. Amoxicillin tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rà fún ọ̀fìnkìn kò ní ṣe àrùn gágá ní ohunkóhun, àyàfi bí òtútù àyà ti bakitéríà bá ti wọ̀ ọ́. Oseltamivir ni oògùn tí a sábà ń lò fún fáírọ́ọ̀sì náà. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa jù bí a bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí wákàtí 48 tó pé láti ìgbà tí àìsàn bẹ̀rẹ̀, àmọ́ a máa ń fún ẹni tí àìsàn rẹ̀ ti le débi tí a fi dá a dúró ní ilé ìwòsàn bí wákàtí náà tilẹ̀ ti kọjá. Fún ẹni tí èémí rẹ̀ ń ṣe ṣókí, afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ni ó ṣe pàtàkì jù.

Bí aláìsàn méjì nínú wọ́ọ̀dù kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ pẹ̀lú ara gbígbóná láàárín wákàtí 72, tí wọn kò sì mú un wá láti ilé, a gbọ́dọ̀ kà á sí pé àrùn ti bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. A ó gba omi ọ̀fun wọn fún àyẹ̀wò ní ọjọ́ náà gan-an. Kí èsì tó dé, a ó dáwọ́ gbígba aláìsàn tuntun sí wọ́ọ̀dù náà dúró, a kò sì ní gbé ẹnikẹ́ni láti ibẹ̀ lọ sí wọ́ọ̀dù mìíràn. Dókítà lè fún àwọn tí ó wà lórí ibùsùn ẹ̀gbẹ́ wọn ní oseltamivir gẹ́gẹ́ bí ìdènà. Orúkọ àwọn tí ó ti lọ sílé láti wọ́ọ̀dù náà ní ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn ni a ó kọ jáde, kí a lè pè wọ́n lórí fóònù láti béèrè bí ara wọn ti rí, ní pàtàkì àwọn tí aláboyún tàbí ọmọ jòjòló wà nílé wọn.